Àmì Ẹsẹ̀ Sójà Rọ́bà

Bàbá mi,

Mo kí yín láti Ajah. Ara mi le, ṣọ́ọ̀bù ohun ìṣeré mi ní Abraham Adésànyà sì ń dán.

Ẹ ní kí n fi sójà rọ́bà kan tó ní àmì lẹ́sẹ̀ ránṣẹ́, kí ẹ fi han àwọn ọ̀rẹ́ yín pé ẹ̀yin lẹ gbẹ́ irin tí wọ́n ń da rọ́bà sí kó tó di sójà. Mo ní mò ń wá a. Irọ́ ni. Lójú èmi tí mo kàwé òwò, àléébù ni àmì yẹn. Mo fi abẹ fá a kúrò lára gbogbo sójà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kí wọ́n lè dọ́gba.

Lánàá, oníbàárà kan tó ń kó ohun ìṣeré àtijọ́ jọ yí ẹsẹ̀ wọn wò, ó ń wá àmì yẹn. Ó ní irin àkọ́kọ́ ló sán díẹ̀, òun ló ń fi àmì sílẹ̀. Irin kejì, tí ẹlòmíì gbẹ́, kì í fi í sílẹ̀. Nígbà tí mo sọ ohun tí mo ṣe fún un àti ohun tí ẹ ní kí n wá, ó bú sẹ́rìn-ín: "Àǹtí, ẹ pa ilà ojú ọmọ rẹ́, ẹ wá ń wá bàbá ẹ̀!"

Bàbá, mi ò dá tiyín mọ̀ mọ́ nínú wọn.

Ẹ bá mi kí Màmá. Bí wọ́n bá béèrè mi, ẹ ní ọjà ń tà.

Èmi ọmọ yín,
Adébùkọ́lá