Àwo Màmá Tí Mo Rí ní Ṣọ́ọ̀bù Àlòkù

Otautau,
Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹjọ.

Glenys, ìyàwó àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí Murray. Òtútù oṣù kẹjọ ọdún yìí ò ṣàánú ẹnikẹ́ni, àràárọ̀ ni yìnyín ń bo koríko lọ́dọ̀ wa níbí. Mo gbà á ládùúrà pé orúnkún rẹ ṣì ń gbé ọ dáadáa, pé ara Murray náà le. Èmi wà, àfi ẹ̀yìn tó ń ro mí. Mo mọ̀ pé bó o bá ti rí ọwọ́ ìkọ̀wé mi, wàá fẹ́ fa lẹ́tà yìí ya. Jọ̀ọ́, jókòó, kọ́kọ́ kà á tán. Lẹ́yìn ìyẹn, bó o bá fẹ́, fà á ya.

Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni mo máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù àlòkù tí àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ń tà. Kì í ṣe pé mo nílò nǹkan kan, ife àti àwo àtijọ́ ni mo ń lọ wò. Lóṣù tó kọjá mo rí ife aláwọ̀ ewé kan, irú èyí tí Bàbá fi ń mu tíì nígbà tí wọ́n bá ń rẹ́ irun àgùntàn. Mo gbé e sétí bí òpònú, àfi bí ẹni pé màá gbọ́ ikọ́ rẹ̀ nínú ẹ̀. Ní báyìí, àwọn ọ̀dọ́ ń wá láti ìlú ńlá Invercargill, wọ́n ń ra àwo wa lọ kàn mọ́ ògiri. Ta ló sọ fún wọn pé àwòrán ni àwo? Ohun tó ti gbé oúnjẹ fún ogójì ọdún, wọ́n wá kàn án mọ́gi bí ọ̀daràn.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mo bá páálí tuntun kan nílẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Òrùlé gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ti ń jò, wọ́n fẹ́ ta gbọ̀ngàn náà, wọ́n sì ti kó gbogbo àwo tí ẹnikẹ́ni ò wá gbà lẹ́yìn àpèjẹ jáde látinú kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lábẹ́ pèpéle. Mo ń yí wọn dojú dé lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń ka orúkọ tá a máa ń kọ sórí pílásítà lẹ́yìn àwo wa, kí kálukú lè mọ tiẹ̀ tá a bá gbé oúnjẹ wá. Orúkọ òkú ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ìgbà tó yá, mo gbé àwo ńlá kan tó ní òdòdó pupa létí, mo yí i dé, orúkọ rẹ ni mo bá lẹ́yìn ẹ̀. Àwo Màmá ló wà lábẹ́ ẹ̀.

Àwo Màmá, Glenys. Èyí tí àwọ̀ etí ẹ̀ rí bí ojú ọ̀run, tó kán díẹ̀ níbi tí Murray ti jù ú sílẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Orí ẹ̀ ni Màmá máa ń to àwọn páńkéèkì kéékèèké sí lọ́jọ́ Sunday, a ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan èyí tó wà lókè kí Bàbá tó wọlé. Mo jókòó sórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Òórùn bọ́tà tó ń yọ́ gba imú mi, bẹ́ẹ̀ kò sí bọ́tà kankan níbẹ̀.

Àwo yẹn kọ́ ló pa mí o. Bébà tó wà láàárín méjèèjì ni, èyí tẹ́nì kan rọra tẹ́ síbẹ̀ kí wọ́n má baà ha ara wọn. Ìwé ètò ìsìnkú Màmá ni, àwòrán rẹ̀ ṣì ń rẹ́rìn-ín lójú ìwé. Ìwọ lo wà nídìí àwo fífọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ìwọ lo fọ àwo Màmá, ìwọ lo nù ún, ìwọ lo tọ́jú ẹ̀ sábẹ́ tìrẹ kó o lè gbé e lé mi lọ́wọ́ tá a bá ń lọ.

Àwa méjèèjì mọ ohun tí mo fi san án fún ọ. Ẹbí olóòkú kì í gbé oúnjẹ wá sí gbọ̀ngàn, ará àdúgbò ló ń gbé e wá fún wa. Ṣùgbọ́n èmi tí mi ò lè jókòó jẹ́ẹ́, mo yan kéèkì atalẹ̀, mo gbé e sórí àwo Màmá, mo ní Màmá gbọ́dọ̀ ṣe àlejò èèyàn níbi ìsìnkú ara ẹ̀. Nígbà tí mi ò rí àwo náà mọ́, ìwọ lọkàn mi lọ sí. Àwo rẹ wà níwájú mi lórí tábìlì. Ká ní mo gbé e sókè ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ́ wa pé obìnrin kì í fọwọ́ kan àwo obìnrin mìíràn nínú gbọ̀ngàn, àfi ẹni tó wà nídìí àwo fífọ̀. Mo pa òfin àwo mọ́, mo wá ba orúkọ èèyàn jẹ́. Níwájú gbogbo wọn ni mo ti sọ pé, "Glenys, o ò tiẹ̀ lè ní sùúrù kí ilẹ̀ sàréè gbẹ kó o tó jí àwo ẹ̀?" O fi aṣọ tó o fi ń nu àwo sílẹ̀. O jáde.

Láti ọjọ́ náà, ọdún méjìlélógún rèé, Murray nìkan ló ń wá kí mi ní Kérésì. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Glenys ní kí n kí yín." Irọ́ ni, èmi àti ẹ̀ la jọ mọ̀.

Níwájú èèyàn ni mo ti bà á jẹ́, torí náà níwájú èèyàn ni mo ti lọ tún un ṣe. Àwọn obìnrin ń mu tíì lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mẹ́rin ṣì kù nínú àwọn tó wà ní ilé ìdáná lọ́jọ́ yẹn. Mo gbé àwo méjèèjì síwájú wọn. Mo ní Glenys kì í ṣe olè, èmi ni mo purọ́ mọ́ ọn. Àǹtí Dulcie, tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, ò tiẹ̀ gbé ojú kúrò nínú ife ẹ̀.

Ó ní, "A mọ̀."

Mo ní kí lẹ mọ̀?

"Noeline, gbogbo wa la rí i tó jáde. Ọwọ́ òfo ló fi jáde. Kò mú àwo tiẹ̀ gan-an lọ, áńbọ̀sì ti ìyá ẹ."

Inú bí mi. Mo ní ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ṣàlàyé aṣọ tí aládùúgbò sá sórí okùn, ẹ wá fi mí sílẹ̀ nínú ìwà òmùgọ̀ fún ọdún méjìlélógún, ẹ ò la ẹnu? Àǹtí Dulcie wá gbé ife sílẹ̀, ó wò mí pẹ̀lú àánú.

"Ta ló láyà tó máa sọ fún ọ?"

Mo kó àwo méjèèjì, mo sì rọra bọ́ síta. Èmi, Glenys.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, mo kọ ọ́ sí i pé ìwọ náà jẹ̀bi, pé ó yẹ kó o fi àwo méjèèjì là mí lórí lọ́jọ́ yẹn dípò kó o máa wò mí. Mo ti pa ibẹ̀ rẹ́, ìdí nìyẹn tí íńkì fi dọ̀tí lókè yẹn. Èmi ni mo jẹ̀bi. Mo bẹ̀ ọ́.

Ó ku ẹyọ kan tí mi ò sọ fún àwọn obìnrin yẹn, torí ìwọ lo ni ín. Lọ́jọ́ tó o sọ fún Màmá pé àwo yẹn wù ọ́, ẹ rò pé ẹ̀yin méjì lẹ wà nílé. Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ń bọ́ bàtà ẹlẹ́rẹ̀. Mo gbọ́ tí Màmá ní, "Tìrẹ ni tí mo bá ti lọ." Mo gbọ́ ọ ketekete. Mo mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ tí mo pè ọ́ lólè. Ìlara ni. Èmi lọmọ tó bí, ìwọ ló fún.

Lọ́jọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, màá wa mọ́tò wá sí Winton. Tó o bá ṣílẹ̀kùn, màá wọlé. Tó ò bá ṣí i, màá gbé àwo rẹ méjèèjì sẹ́nu ọ̀nà, màá padà sílé, mi ò sì ní bínú. Ó kéré tán, màá gbìyànjú.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí ìwọ àti ọkọ rẹ sí. Kí ẹ fojú rí ọmọ àwọn ọmọ-ọmọ yín. Kí ìwọ̀nba ọdún tó kù fún wa má rí bí àwọn tí mo fi ṣòfò.

Èmi ni, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ,
Noeline.

Mo tún rántí: mi ò fi ṣúgà sí tíì mọ́, dókítà ti fòfin dè é. Mi ò mọ bí ìwọ ṣe ń mu tìrẹ báyìí.