Kọ́kọ́rọ́ Bùtù Pijó Rẹ

Sọ̀fíyù àbúrò mi,

Ṣé àlàáfíà ni ìwọ àti ìyàwó wà ní Bónì? Orúnkún Màmá ti fúyẹ́. Nàfísàt àbúrò wa bí ọkùnrin làǹtìlanti. Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ni ìkómọ níbí ní Ìsàn.

Ó dáa, jẹ́ kí n sọ ọ́. O rántí fọ́tò tí o fi ránṣẹ́, ti ọkọ̀ ojú omi tó rì, tí o ní ẹja ti sọ di ilé? Bàbá wò ó títí, wọ́n ní, "Ṣé ẹja tèmi ni kò yẹ kó ní ulé?" Ni wọ́n bá ti Pijó tí o ní ká bá ọ tọ́jú sínú adágún ẹja wọn.

Mo pariwo títí. Àmọ́ àwọn àrọ̀ náà kó wọlé lóòótọ́! Bùtù ti dógùn-ún, ó sì lu; ihò yẹn ni wọ́n gbà wọlé ní kékeré. Wọ́n ti sanra, wọn ò lè jáde mọ́. Bàbá ò sì jẹ́ ká já bùtù. Wọ́n ní àwọn ò lè ba mọ́tò ọmọ àwọn jẹ́.

Ẹja ìkómọ nìyẹn o. Jọ̀ọ́, fún dírẹ́bà Adó ní kọ́kọ́rọ́ kíákíá. Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ lójú omi.

Bàbá ń kí ọ. Wọ́n ní kí o fọkàn balẹ̀, kò sí olè tó lè gbé mọ́tò rẹ mọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Kùdírátù