Màmá Ní Kí Ọkọ̀ Ojú Irin Má Fọn Fèrè Mọ́

Jenta Adamu, Jos
Oṣù Kejì, 1931

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Ọ̀gbẹ́ni Adégbìtẹ́,

Èmi Olúgbóyèga, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́, tí mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ yín méjèèjì nílé lọ́sọ̀ọ̀sán, ni mo fọwọ́ sí ìwé yìí ní orúkọ ìyá yín, Màmá Ìbíjọkẹ́. Wọ́n jókòó tì mí bí mo ti ń kọ ọ́, wọ́n sì ní kí n má ṣe yọ ohunkóhun kúrò nínú ọ̀rọ̀ àwọn. Wọ́n kí yín, wọ́n kí Keziah ìyàwó yín, wọ́n béèrè bóyá ọmọ tuntun ti ń jókòó. Wọ́n ní Ọlọ́run tó mú yín la odò Ọya kọjá kò ní jẹ́ kí omi Èkó dà yín láàmú. Ọyẹ́ mú níbí, ètè gbogbo wa ti là, ewúrẹ́ Rosaline aládùúgbò wa sì bí ìbejì, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí wọ́n mu ọmú.

Ìwé tí ẹ kọ kẹ́yìn ni ó fa èyí. Ẹ ní ẹ gbọ́ pé Moses àti Lydia kì í fọkàn sí ẹ̀kọ́, pé èdè Hausa nìkan ni wọ́n ń sọ, nítorí náà ẹ ó rán Akínwọlé ọ̀rẹ́ yín wá kó wọn lọ sí Èkó ní Àjíǹde. Láti ìgbà tí mo ti ka ibẹ̀ yẹn sétí Màmá, oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun wọn mọ́. Àwọn ọmọ yìí nìkan ni ó kù lọ́dọ̀ wọn.

N kò ní parọ́ fún yín, àwọn ọmọ kì í fọkàn sí i. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí a ti ń sapá. Mo sọ fún Màmá pé ọkàn àwọn ọmọ ń rìn kiri. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti wọlé, wọn a ti ìlẹ̀kùn, wọn a sì yí odó tì í, pé kí á wo ibi tí ọkàn náà yóò gbà jáde. Mo ní fèrèsé ń fa ojú wọn; Màmá fi ìró bò ó, òkùnkùn sì ṣú tó bẹ́ẹ̀ tí Lydia kò fi mọ A yàtọ̀ sí D. Mo ní àkùkọ ń dí wa lọ́wọ́. Wọ́n gbé e fún Rosaline, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ fún àkùkọ pé ó ti kó lọ, ẹ̀yìn fèrèsé wa ni ó ṣì ń wá kọ. Èyí tí ó le jù ni pé Màmá kò lè rí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n má kí i. Bí Moses bá ka ìlà kan tán, wọn a ní, "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o." Èmi kò sì lè jókòó dá àgbà lóhùn, n ó dìde, n ó dọ̀bálẹ̀. Kí n tó gbọn eruku àyà mi nù, Moses ti gbàgbé ìlà náà. Sùúrù tí àwọn olùkọ́ mi torí rẹ̀ yìn mí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Ó sì ń dun Màmá pé wọn kò gbọ́ ohun tí ọmọ ọmọ wọn ń wí. Àwọn ọmọ a máa pè wọ́n ní "Kaka", bí àwọn Hausa ti ń pe ìyá àgbà. Màmá ní ó pẹ́ tí àwọn ti ń dúró kí wọ́n parí ọ̀rọ̀ náà: kàkà kí wọ́n ṣe kí ni?

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, bí a ti ń kàwé lọ́wọ́, ọkọ̀ ojú irin tó ń gba ẹ̀yìn ilé wa kọjá fọn fèrè. Lydia yọ́ lọ sẹ́yìn ìró tó bo fèrèsé kí ó lè wò ó. Moses gbójú sókè, kò rí i, ó sì bi mí ní èdè Hausa pé, "Ina Lydia?" Ibi tí Lydia wà ni ó ń béèrè. Màmá ń tòògbé lẹ́bàá odó. "Iná" àti "Lydia" ni wọ́n gbọ́. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bẹ̀rù pé iná tí ń ta láti inú ọkọ̀ náà yóò bà lé òrùlé koríko wa. Odó sì rèé tó dí ìlẹ̀kùn. Màmá gbé ìkòkò omi mímu, wọ́n dà á lé èmi àti Moses lórí, ó kan síléètì, ó kan ìwé A B D, wọ́n ń ké pe Lydia. Lydia yọrí jáde lẹ́yìn ìró, ara rẹ̀ gbẹ táútáú. Màmá jókòó sínú omi, wọ́n ṣì ń wo òrùlé.

Moses lọ bá wọn, omi ń kán ní etí rẹ̀. Ó di ọwọ́ wọn mú, ó wá ọ̀rọ̀ títí, ó wá ní, "Ìyá àgbà, kò sí iná."

Èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ ní gbólóhùn yẹn. Òun ni Yorùbá àkọ́kọ́ tí ó fi ẹnu ara rẹ̀ tò fún wọn. Màmá ní kí n kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí àwọn ti wí i: "Adégbìtẹ́, ọmọ rẹ pè mí. Ó sì parí ọ̀rọ̀ náà."

Nítorí náà ni a ṣe ń béèrè. Màmá kò tọrọ owó lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n ní níwọ̀n bí ẹ ti ń dé fìlà ọkọ̀ ojú irin, kí ẹ sọ fún ọkọ̀ náà kí ó má fọn fèrè mọ́ nígbà tí àwọn ọmọ bá ń kàwé. Mo ṣàlàyé pé akọ̀wé ni yín níbi iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, akọ̀wé kì í sì í pàṣẹ fún ọkọ̀. Wọ́n bi mí pé kí ni ẹ wá ń fi fìlà náà ṣe. Èmi ní tèmi ń béèrè aṣọ fèrèsé tí ìmọ́lẹ̀ lè gba inú rẹ̀ kọjá, àti ìwé A B D tí omi kò tíì kàn. Àwa méjèèjì sì ń béèrè pé kí ẹ máa kọ̀wé sí Moses fúnra rẹ̀, ní Yorùbá, kí ó lè rí ohun tí yóò tìtorí rẹ̀ kàwé, àti pé kí Akínwọlé jókòó sí Èkó.

Màmá súre pé orúkọ tí yóò yé yín ni àwọn ọmọ yín yóò máa fi pè yín títí ọjọ́ alẹ́. Kí ìdáhùn yín dé kí ó tó di Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ. Bí kò bá dé, wọ́n ní àwọn yóò kó àwọn ọmọ méjèèjì wọ ọkọ̀ náà wá bá yín, àwọn yóò jókòó tì yín níbi iṣẹ́, àwọn yóò sì máa kí yín kú iṣẹ́ títí ẹ ó fi dáhùn.