Ọwọ́ Òsì Ìbíjọkẹ́: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Ìyáàfin Ìbíjọkẹ́ Ọláṣẹ́hìndé (1979–2025)

Ní ìlú Pobè, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1979, ni Ọ̀gbẹ́ni Àjàyí Adéṣínà, olùkọ́ ilé ìwé, àti aya rẹ̀ Mọríyìkẹ́, tí ń fún epo pupa tà, bí Ìbíjọkẹ́, àbígbẹ̀yìn wọn. Ó ka ìwé mẹ́fà ní Pobè, ó sì wá sí Kùtọnu ní 1996 láti kọ́ iṣẹ́ aránṣọ. Kò pẹ́ tí aṣọ títà fi wọ̀ ọ́ lára ju rírán lọ, ó bá gba ìsọ̀ ní Missèbo, ọjà aṣọ ní Kùtọnu. Ẹnu rẹ̀ dùn! Ẹni tó kàn wá wo aṣọ lásán á di ẹrù lọ sílé.

Ní 2002 ó di aya Ọ̀gbẹ́ni Adébáyọ̀ Ọláṣẹ́hìndé, awakọ̀ akẹ́rù, wọ́n sì kọ́lé sí Ekpè. Ó kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ, ó sì jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ aláṣọ fún ọdún mẹ́sàn-án.

Ìdílé ọkọ rẹ̀ kò ní fi ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tuntun 2020 pamọ́. Ní ilé ìyá ọkọ rẹ̀, Màmá Olúwadára, ní Sèmè, Ìbíjọkẹ́ fi ẹnu fẹ́ iná èédú títí ọbẹ̀ fi hó. Ó dìde láti bu omi fún Màmá, ọwọ́ ọ̀tún kọ̀, kò gbéra. Ó kúnlẹ̀, ó fi òsì na ife omi sí wọn.

"Èmi lò ń fi ọwọ́ òsì fún lómi?"

Ìbíjọkẹ́ la ẹnu, ọ̀rọ̀ kò jáde. Ó ń wò wọ́n ṣáá. Nígbà tí ọwọ́ àti ohùn fi padà, bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn náà, Màmá ti wọlé, wọ́n ti ti ìlẹ̀kùn. Ọdún márùn-ún gbáko ni wọn kò fi gbà á láyè nínú ilé wọn.

Àìsàn náà kò ní ojú kan. Lónìí orí fífọ́, lọ́la ojú a ṣú. Ọjọ́ mìíràn ọwọ́ á máa jó fúnra rẹ̀ nínú ìsọ̀, oníbàárà á ní ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Á fẹ́ sọ yáàdì mẹ́fà, ẹnu á sọ mẹ́wàá. Dókítà kan ní túúlu ni, òmíràn ní wárápá ni, àwọn ará ilé ní ìgbéraga ni. Háà! Ti ará ilé ló dùn ún jù. Ẹ̀rù ikú kò bà á tó ẹ̀rù pé yóò kú tí a ó máa pè é ní aláfojúdi.

Ní 2024, Ìrètí, àkọ́bí rẹ̀, kíyè sí i pé nígbà tí ìyá òun bá fẹ́ná, tó bá fẹnu fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná kó lè tutù, tàbí tó bá sunkún gan-an ni ó máa ń ṣe é. Ó sọ fún dókítà kan ní Kùtọnu. Wọ́n ya àwòrán ọpọlọ rẹ̀, wọ́n rí i pé àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá inú rẹ̀ ń dí, tí àwọn wẹ́wẹ́ ń hù dípò wọn bí èéfín. Móyàmóyà ni wọ́n ń pè é, àìsàn tí kò wọ́pọ̀ rárá. Bí ènìyàn bá ń mí gùlegùle, bíi níbi iná fífẹ́ tàbí ẹkún, ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ọpọlọ á tún dín kù. A ń múra iṣẹ́ abẹ lọ́wọ́ nígbà tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kú pátápátá ní oṣù kọkànlá.

Adébáyọ̀ gbé àwòrán náà lọ bá ìyá rẹ̀. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kìíní 2025, Màmá dé sí Ekpè. Wọ́n jókòó, wọ́n ní kí Ìbíjọkẹ́ fún àwọn lómi. Ó fi òsì bu omi, ó rọra rìn wá, ó kúnlẹ̀ tipátipá. Kò nà án. Ó gbé ife sórí tábìlì, ó sì ń wo ilẹ̀.

Màmá gbé ife náà, wọ́n fi í sínú ọwọ́ òsì rẹ̀ padà.

"Fún mi, ìyàwó mi."

Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, wọ́n mu ún tán.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, ẹ̀jẹ̀ ya sínú ọpọlọ Ìbíjọkẹ́, ó sì dákẹ́, ní ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta.

Ó fi ọkọ sílẹ̀, àti ọmọ méjì, Ìrètí àti Àánúolúwapọ̀, ọmọ-ọmọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jókòó, àti Màmá Olúwadára, tí wọ́n ní a kò gbọdọ̀ yọ ìkankan kúrò nínú èyí tí a kọ yìí.

Ẹ̀yin tí Ìbíjọkẹ́ ti fi òsì na nǹkan sí rí, ìdílé bẹ̀ yín, ẹ gbà á.

Sùn jẹ́ẹ́, ìyàwó wa. Màmá ti mu omi rẹ.