Iná tí Mo Gbé Wọ Àgọ́ Ọ̀rá

Ẹ kú ilé o, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin tí ẹ pọ̀n mí nígbà tí ìyá wa kú. Mo dọ̀bálẹ̀ o. Mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo kí àwọn àbúrò tó wà lóko. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀wé kà á sókè kí gbogbo agboolé gbọ́, nítorí ìtìjú ni mo fẹ́ sọ. Ẹ mọ̀ pé n kò mọ̀wé. Bọ́lá, ọmọ mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì, ló ń bá mi kọ ọ́. Báńdéèjì wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Èmi ni mo fà á.

Ara mi le. Dallas ń tutù. Ọyẹ́ tiwa, eré ni. Bí Bọ́lá bá ti lọ síbi iṣẹ́, ó di èmi àti tẹlifíṣọ̀n tí n kò gbọ́ èdè rẹ̀.

Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, bí òtútù bá ti dé, ọmọ yìí a di ẹrù sẹ́yìn, a wa mọ́tò lọ sí ìlú etí òkun, a wá fẹsẹ̀ rìn dé ibi tí mọ́tò kì í dé, a lọ sùn nínú àgọ́. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú àlejò. Mo ní ṣé torí kó lè sùn nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo ṣe rán an níwèé. Lọ́dún yìí ó bẹ̀ mí kí n bá òun lọ. Mo lọ.

Ìjì bẹ̀rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Òkun ń bú ramúramù, atẹ́gùn ń da iyanrìn sí wa lójú. Bọ́lá ń kan èèkàn àgọ́ mọ́lẹ̀, ó ń pariwo pé Bàbá, ẹ má gbé iná wọlé o, ọ̀rá ni, èéfín rẹ̀ náà ń pààyàn. Mo ní kí wọ́n tó bí i ni mo ti ń sùn ní ahéré, ta ní ń kọ́ àgbẹ̀ ní iná? Bó ṣe kẹ̀yìn sí mi, mo kó ẹyin iná tí a fi se oúnjẹ sínú páànù, mo gbé e wọlé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi, bí a ṣe ń ṣe lóko wa ní Ṣakí.

Atẹ́gùn ti ọ̀rá lu páànù, iná ràn. Ọmọ mi já wọlé, ó wọ́ mi jáde, ó bọ́ ìró tó fi bora, ó fi pa iná náà, iná sì jó o lọ́wọ́ òsì. Ìró ìyá rẹ̀ ni. Òun nìkan ló kù fún un, nítorí èmi ni mo kó ìyókù fún èèyàn ní ọjọ́ kẹjọ ìsìnkú, tí mo ní n kò fẹ́ gbọ́ ẹkún mọ́ nínú ilé mi.

Kò bú mi. Ì bá bú mi ì bá sàn. Ó kàn ń wo ẹsẹ̀ mi bóyá ó jóná. Mo bi í pé kí ló tiẹ̀ ń wá ṣe níbẹ̀. Ó ní ibẹ̀ ni òun ti ń sunkún ìyá òun, pé òkun kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi, n kò bẹ ọmọ rí. Àgbà ilé wa kì í bẹ ọmọdé, alárinà ni à ń rán. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi pè é lórí fóònù, kí ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo sọ ìyẹn, Bọ́lá gbé bírò sílẹ̀. Mo ní kó gbé e padà, kó kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́: Bọ́lá, bàbá rẹ ló ṣẹ̀ ọ́. Dárí jì mí. Sunkún ìyá rẹ nínú ilé yìí, èmi náà á jókòó tì ọ́.

Bí ẹ bá rí ibi tí omi ti ba ìwé yìí jẹ́, ẹ má bínú. N kò ní kó tún un kọ.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ojú wa á tún ríra. Ẹ bá mi kí tilé-toko.

Èmi ni, ọmọ yín tí ẹ pọ̀n.