Má Jẹ́ Kí Àpótí Yẹn Gbé Ìyá Rẹ Mì

Nelcy ọmọ mi,

Kí ìwé yìí bá ọ láyọ̀ ní Bogotá, kí òtútù ibẹ̀ má mú ọ, kí Màríà Wúńdíá má sì gbójú kúrò lára rẹ níbi iṣẹ́ àti lójú ọ̀nà. Èmi wà, mo ń jẹun, orúnkún tó ń dùn mí ṣì ń dùn mí. Ajá rẹ Trabuco wà, ọ̀dùnkún tí a gbìn sétí odò ti hù. Doña Eduvina aládùúgbò wa ní kí n kí ọ. Ó ní òun ò bínú pé o ò wá síbi ìsìnkú ìyá rẹ, àmọ́ ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó ráyè kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Èmi náà ò bínú. O ní àwọn ọ̀gá rẹ bi ọ́ pé bí o bá lọ, ta ni yóò máa wo ogójì tẹlifíṣọ̀n tí ẹ fi ń ṣọ́ olè nínú ọjà ńlá yẹn, mo rò ó títí, mo sì rí i pé wọn ò purọ́, ẹni tí wọ́n fi ṣọ́ nǹkan kì í dìde. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí àwọn tó gbé pósí yà dúró nínú ṣọ́ọ̀bù nígbà tí à ń lọ sí ìtẹ́ òkú. Ojú kámẹ́rà tí o wá kọ́ sókè ilẹ̀kùn nínú níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn tí olè kó kíréètì bíà wa méjì lọ, mo ní kí wọ́n kọ iwájú pósí sí i. Padre Gildardo bi mí pé kí là ń dúró dè. Mo ní Nelcy wà lókè níbẹ̀ yẹn. Wọ́n wo òkè, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n wọ́n omi mímọ́ sí pósí, wọ́n sì tún wọ́n díẹ̀ sí ojú yẹn. Bí omi bá kán sí ọ lára lọ́jọ́ náà, má bẹ̀rù, ibi tó ti wá nìyẹn.

Mo mọ̀ pé o ti ń pè mí. Gbogbo wa la gbọ́ bí fóònù ṣe ń dún lórí káńtà títí bátìrì rẹ̀ fi kú lọ́jọ́ Ajé. Mi ò lè wọlé lọ mú un. Doña Eduvina ní kí n wá fi tòun pè ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mi gùn, òun a sì dúró tì mí gbọ́ ọ délẹ̀, mo kúkú kọ ọ́ sínú ìwé, mo fi rán awakọ̀ bọ́ọ̀sì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Ní ọjọ́ kejì àdúrà ọjọ́ mẹ́sàn-án tí à ń gbà fún ìyá rẹ, Don Libardo tó ń tún wáyà ṣe nísàlẹ̀ ìlú wá bá wa kẹ́dùn. Mo bi í pé níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé gbogbo ohun tó bá kọjá níwájú ojú yẹn ló ń wọnú àpótí tó wà lábẹ́ káńtà, kí wáyà tó gbé e dé Bogotá, ṣé Hermencia ìyàwó mi wà níbẹ̀. Ó ní ó wà níbẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo jókòó sórí àpò ìrẹsì. Ló bá mu kọfí rẹ̀, ó ní ṣùgbọ́n kì í ṣe títí láé o. Ó ní àpótí náà ní ikùn, nǹkan bí ọgbọ̀n ọjọ́ ni ikùn rẹ̀ ń gbà, bó bá ti kún, á gbé èyí tó pẹ́ jù mì kí tuntun lè ráyè. Ó ní bí nǹkan ò bá mira níwájú rẹ̀, á sinmi, kò ní gba ohunkóhun. Ṣùgbọ́n bí èrò bá pọ̀, kíá ló ń kún.

Nelcy, mo wẹ̀yìn, mo rí èèyàn mẹ́rìnlélógún tó ń ka Rósárì nínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń kúnlẹ̀, wọ́n ń dìde, wọ́n ń pín búrẹ́dì, gbogbo wọn sì ń ti ìyá rẹ jáde. Mo ní kí wọ́n dìde, kí wọ́n máa lọ, Ọlọ́run á gbọ́ wa níbòmíràn. Padre Gildardo ní ìbànújẹ́ ló ń bá mi jà. Ọgbà màlúù Doña Eduvina la ti parí àdúrà ọjọ́ méje tó kù.

Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni ò wọ ṣọ́ọ̀bù. Mo kan kọ́tìnì mọ́lẹ̀ ní ìṣó, nítorí Don Libardo ní kọ́tìnì tí atẹ́gùn ń fẹ́ náà lèèyàn lójú àpótí. Mo so ológbò mọ́ igi. Ojú fèrèsé ilé ìdáná ni mo ti ń tajà, mo sì ń fi ọ̀pá gígùn wọ́ ohun tó wà nítòsí ilẹ̀kùn, níbi tí ojú yẹn ò ríran dé. Iyọ̀ àti ṣúgà panela nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá béèrè ìrẹsì, mo ní kó dúró de Nelcy. Doña Eduvina ní abúlé ò bá Hermencia kú. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ kí abúlé rọra dúró jẹ́ẹ́ díẹ̀. Ó ní kí n kúkú pa iná àpótí náà kí gbogbo wa sinmi. Mo ní ta ló ń pa iná mọ́ ìyàwó rẹ̀ lórí.

Ọ̀nà kan wà tí a lè fi yọ ọ́. Don Libardo ní nǹkan kékeré kan bí ìka ọwọ́ tí òun yóò kì bọ àpótí lára, ìyá rẹ á sì kọjá sínú rẹ̀. Nítorí tèmi, àyà ló fi wọ́ wọlé, tòun ti bó ṣe sanra tó, kó má baà mira púpọ̀. Àfi bí àpótí ṣe ní kó sọ ọ̀rọ̀ kan, èyí tí ìwọ fi tì í. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo pe orúkọ ìrìbọmi rẹ, mo pe Trabuco, mo pe ẹni mímọ́ tó ń ṣọ́ ìlú wa. Kò gbà. Don Libardo ní bí a bá tún ṣì í pè, á tì wá mọ́ta pátápátá.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún ọ, nítorí mi ò mọ̀ bóyá o rí i rí, mi ò sì bi ọ́. Lójoojúmọ́, bó bá ti di aago márùn-ún, bí ìyá rẹ bá gbálẹ̀ tán, á da ojú kíréètì bíà dé, á gùn ún. Mo rò pé ojú yẹn ló ń nù. Lọ́jọ́ kan mo ní á ṣubú o. Ó ní kí n fi òun sílẹ̀, àsìkò yìí ni Nelcy ń sinmi níbi iṣẹ́, ó ń wo òun. Ó gbọ́wọ́ sókè, ó ṣe àmì àgbélébùú sí ọ, bó ti máa ń ṣe nígbà tí o bá ń lọ síléèwé, ó ní kí Ọlọ́run bù kún ọ, ọmọ òun. Kò pa á jẹ rí. Ó ṣe é lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kẹ́yìn, nígbà tí àyà ti ń dùn ún, ọwọ́ kan ló fi di pákó mú. Lọ́jọ́rú, kí oòrùn tó kan àtàrí, ó ti lọ.

Ìbùkún ọgbọ̀n ọjọ́ ló wà níbẹ̀ nígbà tó kú. Ó di ọjọ́ mẹ́rìnlá lónìí. Don Libardo ní nítorí bí mo ṣe mú gbogbo ayé dúró jẹ́ẹ́, bóyá mẹ́rin péré ló ti lọ, àwọn tó kúnlẹ̀ ló jẹ wọ́n. Ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn ni yóò lọ kẹ́yìn.

Wá, Nelcy. Bí wọn ò bá jẹ́ kí o wá, kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé, lẹ̀ ẹ́ pa, fún awakọ̀ kan náà. Fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rin péṣò sí i fún nǹkan bí ìka ọwọ́ yẹn, nítorí iyọ̀ ò mówó wọlé. Má fi ránṣẹ́ sí báńkì. Wọ́n ní kí n wo ojú kan níbẹ̀, kí n ṣẹ́jú sí i kí wọ́n lè dá mi mọ̀, mo ní ọ̀kan tó wà nílé tó mi.

Aago márùn-ún ti lù báyìí. Orí igi ìdáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ni mo jókòó sí, ojú yẹn ò rí mi. Ó yẹ kí n lọ gun kíréètì yẹn kí n ṣe é fún ọ, nítorí kò yẹ kí ọmọ wa wà láìní ìbùkún. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣe é níbẹ̀, tèmi á ti ọ̀kan nínú tìyá rẹ jáde, tèmi ò sì tó ìyẹn. Mo ti fà á síbí nílà méjì. Gbé iwájú orí rẹ lé e.

✝

Bàbá rẹ,
Abelardo