Adìẹ Kú, Kòkòrò Ẹ̀wà Ń Rìn

                                        Ojúlé Kẹrìnlá,
                                        Kúdẹtì,
                                        Ìbàdàn.
                                        Ọjọ́rú, Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹfà, 2024.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Obed,

Kò yẹ kí ọmọ tí ìyá wa tọ́ já fóònù mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ létí nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ọjọ́ Ajé lo ṣe é. O ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kòkòrò kọ́ ló kàn báyìí," n kò sì gbọ́ nǹkan kan mọ́. Láti ìgbà náà o ti pa fóònù, ti Mojọlá náà kò lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ìbínú nìkan ni, ǹ bá dúró dè ọ́ títí o ó fi dé. Ẹ̀rù ló ń bà mí, òun ló jẹ́ kí n mú kálàmù.

Síbẹ̀, n kò ní torí ẹ̀rù gbàgbé ìkíni. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ ńkọ́? Ìyàwó wa ńkọ́, ṣé ó ti sinmi láti ọjọ́ tí ẹ ti dé Ṣakí? Mojọlá, ọmọ wa, ńkọ́, ṣé ọmú ń wá dáadáa? Mo kí i kú ewu ọmọ. Ọlọ́run yóò wo àlejò kékeré náà fún wa. Àwa náà wà láàyè. Òjò ti gbé díẹ̀ lára ògiri ẹ̀yìnkùlé lọ, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ̀wà ni mo fẹ́ sọ. Kí o tó lọ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, o fún mi ní kóńgò mẹ́ta láti inú ìsọ̀ rẹ ní Ọjà Ọba, o sì di àpò méjì nínú ẹ̀wà kan náà sínú ọkọ̀ fún mọ́ínmọ́ín ìsọmọlórúkọ. Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, mo da tèmi sórí atẹ. Ìwọ mọ̀ mí. N kì í se ẹ̀wà tí n kò ṣà lẹ́ẹ̀mejì. Kòkòrò ń rìn káàkiri inú rẹ̀. Mo ṣa àwọn tí wọ́n ti dá lu, mo dà wọ́n fún àwọn adìẹ. Kí n tó jẹun ọ̀sán tán, adìẹ márùn-ún ti nà gbalaja, itọ́ ń yọ lẹ́nu wọn. Mo padà lọ wo atẹ. Obed, àwọn kòkòrò náà ṣì ń rìn.

Oògùn tó pa adìẹ kò pa kòkòrò tí wọ́n tìtorí rẹ̀ da oògùn. Mo kó ẹ̀wà náà sínú ọ̀rá, mo so ẹnu rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé mo lọ sí ìsọ̀. Zakariyya, tó ń bá ọ tà á, jókòó lórí àpò, ó ń jẹ búrẹ́dì. Mo bi í pé kí ni wọ́n fi sí ẹ̀wà náà.

"Oògùn ni, Màmá. Ìgò kan la máa ń lò tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, ó di méjì. Lọ́dún yìí, Ọ̀gá ní kí n da mẹ́rin sí i. Àwọn kòkòrò wọ̀nyí ti kàwé, Màmá! Tí mo bá ṣí ìgò, ńṣe ni wọ́n ń kí mi káàbọ̀."

Mo ní kó dìde lórí oúnjẹ ọmọ aráyé, kó nu ẹnu rẹ̀ kó tó bá àgbà sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti pè ọ́. Nígbà tí o já fóònù, mo ti ìsọ̀ náà pa. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi.

Mo wá mú ẹ̀wà náà lọ bá Jamilah, ọmọ ilé tó kọjú sí tiwa, ẹni tó kàwé nípa kòkòrò ní yunifásítì. Ó kó kòkòrò inú ẹ̀wà rẹ sínú ìgò kan. Ó kó òmíràn sínú ìgò kejì láti inú garawa mi, níbi tí n kò ti fi ohunkóhun tọ́jú ẹ̀wà rí ju ata gbígbẹ lọ. Ó fi oògùn kan náà, ìwọ̀n kan náà, ra inú ìgò méjèèjì. Àwọ̀ wọn kò yàtọ̀, títóbi wọn kò yàtọ̀. Kí wákàtí kan tó pé, tèmi ti kú tán. Tìrẹ ń gun ara ìgò.

Mo sọ fún un pé Zakariyya ní wọ́n ti kàwé.

"Wọn ò ka nǹkan kan o, Màmá. Ọmọ àwọn tó yè ni wọ́n. Oògùn àkọ́kọ́ pa ọ̀pọ̀, ó ṣẹ́ku àwọn díẹ̀ tí àbímọ́ wọn le. Àwọn yẹn ló bára wọn bímọ. Wọ́n tún da oògùn, ó tún kó àwọn tí kò le lọ. Oṣù kan péré sì ni ìran kan."

"Ṣé àwa là ń yan ẹni tí yóò bímọ nínú wọn ni?"

"Àwa ni, Màmá. Bí àgbẹ̀ ṣe ń ṣa irúgbìn."

Mo bi í bóyá wọ́n ti di irú mìíràn. Ó ní rárá, wọ́n ṣì lè bá ti inú garawa mi bímọ. Ṣùgbọ́n bí agbo méjì bá wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún àìmọye ìran, tí ìyípadà ń gorí ìyípadà, wọ́n lè pàdé lọ́jọ́ kan kí wọ́n má lè bímọ fún ara wọn mọ́. Ibẹ̀ ni irú titun ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ́ wa ní nǹkan yìí ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo gba máàkì, mo rò pé ọ̀rọ̀ erékùṣù òkèèrè àti ẹranko ayé àtijọ́ ni. N kò mọ̀ pé ó lè wà nínú àpò ẹ̀wà ní Ọjà Ọba.

Mo mọ̀ pé ìkà kọ́ lo gbèrò. Àìmọ̀kan ló ń mú èkúté pe ológbò níjà. Ṣùgbọ́n wo ohun tí kò jẹ́ kí n sùn: kòkòrò lè fi ẹgbẹ̀rún kú kí ọ̀kan tó le yè, kí ìran rẹ̀ sì máa lọ. Àwa ńkọ́? Mojọlá kan ṣoṣo lo bí. Ó ń fún ọmọ lọ́mú, yóò sì jẹ nínú mọ́ínmọ́ín náà ṣáájú àlejò. Jamilah ní kí a má gbẹ́kẹ̀ lé fífọ̀ tàbí sísè. Mo ń gbàdúrà pé ẹnikẹ́ni kò tíì bù nínú rẹ̀.

Bá mi kí àwọn àna wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Kí ìyàwó wa, kí o sì gbé ọmọ náà mọ́ra fún mi. Jamilah kí ọ.

Awakọ̀ tó ń mú lẹ́tà yìí bọ̀ yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú. Ọjọ́ Ẹtì ni wọn yóò rẹ ẹ̀wà. Nítorí náà, bí o bá ti kà á tán, dìde. Gbé àpò méjèèjì kúrò nílé ìdáná. Má tà á, má fi tọrẹ, má dà á fún ewúrẹ́, má dà á sí odò. Gbẹ́ kòtò jíjìn níbi tó jìnnà sí kànga, kí o sì sin ín, ìwọ fúnra rẹ. Ìrẹsì ni kí wọ́n sè fún àlejò.

Èmi tí mo pọ̀n ọ́ dàgbà,

Èjìdé.